Ewu Tí Ó Wà Nínú Ìjókòó Pípẹ́

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ àjókòóṣe kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Alágbàárù èbúté Àpápá àti àgbẹ̀ tí ń kọ ebè ní ilẹ̀ Tiv ni a ń káàánú fún. A kì í rántí akọ̀wé tí ó jókòó ti tábìlì láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, aránṣọ tí kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ, tàbí awakọ̀ tírélà tí ń kó àlùbọ́sà láti Kánò wá sí Èkó, ìrìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Síbẹ̀, ewu ń bẹ nínú iṣẹ́ tiwọn náà.

Ọkàn ni ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ ní òkè láti gùn kí ó tó padà. Ẹran tí ó wà lẹ́yìn ojúgun ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá ti ń rìn, ẹran yìí a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì máa gòkè. Àwọn ohun tí ó dà bí ilẹ̀kùn kéékèèké nínú iṣan náà kì í jẹ́ kí ó padà sílẹ̀. Bí a bá jókòó pẹ́ láìmira, ìrànlọ́wọ́ yìí dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ a wú. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ a dì sínú iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá já, tí ó sì gba inú ọkàn lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn lójijì.

Ní 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí ìlú London lóru, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá pamọ́, wọ́n sì sun oorun àjókòó lórí àga títí ilẹ̀ fi mọ́. Dókítà Keith Simpson, tí í máa yẹ òkú wò, kọ ọ́ sínú The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn, pé irú ikú yìí ń pọ̀ sí i láàárín wọn. Bọ́ǹbù kò bà wọ́n. Ìjókòó ni ó pa wọ́n. Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìrìnàjò wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ òfurufú, ọkọ̀ ojúirin tàbí mọ́tò, a máa sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Lóòótọ́, àrùn náà kò wọ́pọ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i lára aláboyún, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, ẹni tí ó sanra jù, àti ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ga.

Ọ̀nà àbò kò gba owó. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ dìde, kí ó rìn díẹ̀. Bí kò bá lè dìde, kí ó máa gbé gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè sódò. Kí etí àga má ṣe fún un lẹ́yìn orúnkún. Awakọ̀ tí kì í mu omi nítorí kí ó má baà dúró tọ̀ lọ́nà ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tí ó gbóná, tí ó sì ń dunni, kí a má ṣe fi òrí tàbí àdín wọ́ ọ. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí èémí bá ń ṣòro lójijì tàbí tí àyà ń dunni, kí a má ṣe fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan. Olówó ọkọ̀ tí ń ka wákàtí mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, àti ọ̀gá tí ń pe ẹni tí ó dìde ní ọ̀lẹ, ní ìpín nínú rẹ̀. Ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè ba òwò jẹ́. Ikú awakọ̀ kan lójú ọ̀nà lè sọ odidi ilé kan di ahoro.