Ṣéènì tí kò bá báà mu, owó ti wọgbó: ẹ̀yin agbẹ́gilére tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ra ayùn oníbátìrì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lọ́dún 2023, oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ń lo ẹ̀rọ elépo ti mọ̀ ọ́n lápò. Abájọ tí ayùn oníṣéènì tó ń lo bátìrì fi ń wu agbẹ́gilére. Kì í rú èéfín, ariwo rẹ̀ kò tó ti elépo, èèyàn sì lè fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé àwọn aládùúgbò ń yọjú lójú fèrèsé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ara ẹ̀rọ nìkan lowó ti ń ṣòfò. Báà àti ṣéènì wà níbẹ̀. Báà ni irin pẹlẹbẹ gígùn tó yọ síta níwájú ayùn, òun ni ṣéènì eléyín ń sáré yí po. Ẹni tó fẹ́ẹ́ gé ẹ̀ka igi ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ayùn oníbátìrì fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ẹ́ gbẹ́ imú àti etí ère. Orí báà tó bá ẹ̀rọ wá fẹ̀ jù fún kọ́nà híhá.

Báà tí wọ́n dìídì ṣe fún ọnà máa ń tín-ín-rín lórí bí ẹnu ẹyẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí fífi ayùn gbẹ́ ère ti gbilẹ̀ gan-an, fi owó ẹyọ wọn sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó kéré ń jẹ́ dime, owó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mílímítà 18. Èyí tó tóbi jù ú lọ ń jẹ́ quarter, tó lé díẹ̀ ní mílímítà 24. Dime ló dára fún irun àti ìpéǹpéjú ère, àmọ́ orí rẹ̀ tètè ń gbóná, ó sì tètè ń gbó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, quarter ni kó kọ́kọ́ rà.

Orí kékeré yìí tún wúlò fún ààbò. Bí ìdajì òkè orí báà bá ṣèèṣì kan igi, ayùn lè fò padà sójú ẹni tó dì í mú. Bí orí báà bá kéré, fífò náà máa ń dín kù. Kò tán o! Gíláàsì ojú àti ìbọ̀wọ́ ṣì di dandan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé báà, ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì tó ń fa ṣéènì nínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára mu. Ọlọ́kadà tó bá ti pààrọ̀ ṣéènì rí mọ ìtumọ̀ èyí. Ẹ fi rúlà wọn ìṣó mẹ́ta tó tẹ̀ léra lára ṣéènì, kẹ́ ẹ pín in sí méjì. Bí ìṣó mẹ́ta náà bá gba ìdajì ínṣì, ṣéènì 1/4 ni. Ṣéènì 3/8 ni ọ̀pọ̀ ayùn oníbátìrì ń bá wá, bẹ́ẹ̀ 1/4 ni báà ọnà sábà máa ń fẹ́. Ó di pé kí wọ́n pààrọ̀ sípírókẹ́ẹ̀tì náà, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni wọ́n ń ta ti 1/4 fún. Kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ gan-an ni kẹ́ ẹ ti béèrè.

Ibi tó ń tan èèyàn jẹ jù rèé. 1/4 ni wọ́n ń kọ sára páálí ṣéènì 25AP ti Oregon, 1/4 náà ni wọ́n ń kọ sí ti PM3 tí iléeṣẹ́ Stihl ní Jámánì fi sára ayùn oníbátìrì MSA 200 C. Síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹsẹ̀ 25AP tó ń wọ inú kòtò báà nípọn ní mílímítà 1.3, ti PM3 sì jẹ́ 1.1. Èyí tó nípọn kò ní í wọ kòtò èyí tó fẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá sì ki èyí tó fẹ́lẹ́ sínú kòtò tó fẹ̀, yóò máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́, igi á sì gé wọ́gọwọ̀gọ. Fáìlì wọn gan-an yàtọ̀: mílímítà 4 fún 25AP, 3.2 fún PM3. Ẹ tún ka iye ẹsẹ̀ ṣéènì, nítorí bí iye yẹn bá yàtọ̀ sí ti báà, kò ní í gbé e. Àmọ́ tóhun gbogbo bá bára mu, ṣéènì tó fẹ́lẹ́ dára fún bátìrì, torí igi tó ń jẹ kò pọ̀, iná á sì pẹ́.

Lọ́dún 1946, Joseph Cox, agégi kan ní Amẹ́ríkà, rí ìdin kòkòrò tó ń jẹ igi sọ́tùn-ún sósì. Ó fara wé e ṣe eyín ṣéènì, ó sì dá iléeṣẹ́ tó di Oregon sílẹ̀ lọ́dún 1947. Ìdí nìyẹn tí eyín kan fi ń kọjú sọ́tùn-ún, tí ìkejì ń kọjú sósì. Ẹni tó bá fáìlì apá kan ju ìkejì lọ, ayùn rẹ̀ á máa ya bàrà.

Ìrókò tún ní tirẹ̀. Òkúta líle máa ń wà nínú igi náà nígbà mìíràn, eyín ṣéènì tó bá kàn án ti kú nìyẹn. Ṣéènì méjì tàbí mẹ́ta ni kí oníìrókò ní nílẹ̀. Arère àti ọ̀mọ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí ọ̀pọ̀ báà ọnà kò ní kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lórí báà lásán, irin ló ń ha irin níbẹ̀, nítorí náà òróró báà kò gbọ́dọ̀ gbẹ. Òróró dúdú tí wọ́n dà nínú mọ́tò kò dáa, pàápàá fún ẹni tó ń gbẹ́ arère: igi náà funfun, àbàwọ́n rẹ̀ kò sì ní í fi oníbàárà lọ́kàn balẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n de báà àti ṣéènì náà mọ́ ọn níṣojú yín, kẹ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ yọ bátìrì, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ fa ṣéènì náà yí ká lẹ́ẹ̀kan.