Oògùn òwú: ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá yín wọlé

 

Ọmọ tí ibà ń ṣe, a máa ń fún un ní oògùn. Òwú tí kòkòrò ń jẹ, a máa ń fín oògùn sí i. Orúkọ kan náà ni a ń pe méjèèjì. Ṣé ohun kan náà ni wọ́n? Rárá o. Oògùn ibà wá láti wo ara sàn. Oògùn òwú wá láti pani. Májèlé ni. Nítorí kòkòrò ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti ènìyàn.

Orúkọ yìí ti tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Nítorí pé a ń pè é ní oògùn, àwọn kan ń fi pa iná orí ọmọ. Àwọn kan ń dà á sórí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn kan ń fín in sí ẹní nítorí ìdun. Àwọn mìíràn ń dà á sínú odò láti fi pa ẹja. Bídọ̀n tó ṣófo wá di ohun tí a fi ń pọn omi. Báyìí ni májèlé oko ṣe ń bá wa wọlé.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ BANIKOARA

Banikoara wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Wọ́n ń gbin òwú púpọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1999, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ kò pa kòkòrò tó ń jẹ èso òwú dáadáa mọ́. Wọ́n mú òmíràn wá. Orúkọ rẹ̀ ni endosulfan.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ọmọkùnrin mẹ́ta láti inú ẹbí kan lọ ro oko bàbá wọn. Àgbàdo wà láàárín òwú. Wọ́n ti fín endosulfan sí oko náà ní ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọmọ náà kò sì mọ̀. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo, wọ́n jẹ ẹ́. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kú.

Kì í ṣe òun nìkan. Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, ó kéré tán ènìyàn 37 ni ìjọba kà pé endosulfan pa ní àríwá Benin. Ènìyàn 36 mìíràn ṣàìsàn gidigidi. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fẹnu kò láti fòpin sí endosulfan káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn tó lè pa ènìyàn ṣì wà lọ́jà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àwọn ọmọ náà kò mu oògùn. Wọn kò fọwọ́ kan bídọ̀n. Àgbàdo oko bàbá wọn ni wọ́n jẹ. Ká ní ẹnì kan ti sọ fún wọn pé, "A fín oògùn lánàá," bóyá wọn ì bá má wọ oko náà.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ MÁJÈLÉ Ń GBÀ WỌ ARA

Bí a bá bi àgbẹ̀ pé, "Báwo ni oògùn òwú ṣe ń pa ènìyàn?" yóò ní, "Bí ó bá mu ún ni." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà mẹ́rin ni: ẹnu, imú, ojú, àti awọ ara.

Awọ ara ni ọ̀nà tí a máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni májèlé ń gbà wọlé jù lára ẹni tó ń fín oògùn. Ẹ wo àmù omi tó wà nílé yín. Kò lu, kò sán. Síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rin, nítorí omi ń là á kọjá díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awọ ara wa rí. Oògùn tó bá dà sí i yóò là á kọjá, yóò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. A kì í gbọ́ ìró rẹ̀. Nígbà mìíràn kì í ta wá lára. Bí oòrùn bá mú tí ara ń làágùn, tàbí bí egbò bá wà lára, yóò tètè wọlé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà wo ni ewu náà pọ̀ jù? Ìgbà tí a bá ń po oògùn mọ́ omi ni. Nígbà náà, oògùn gidi tí omi kò tíì là ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kán díẹ̀ rẹ̀ ní ọwọ́ lè burú ju ọ̀pọ̀ ẹ̀kán èyí tí a ti pò mọ́ omi lọ.

KÍ NI MÁJÈLÉ NÁÀ Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Ẹ ronú sí iná tọ́ọ̀ṣì. A ń tàn án, a sì ń pa á. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ wa ṣe ń rán iṣẹ́ sí ẹran ara. Ó ní, "Ṣiṣẹ́," ẹran ara á ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ náà á kú, ẹran ara á sì sinmi. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò ló ń ba ohun tí ó ń pa iná náà jẹ́. Iná wà ní títàn, kò ṣeé pa mọ́.

Nítorí náà ni ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá mú ṣe ń làágùn. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Inú ń run ún, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ṣú, orí ń fọ́ ọ. Bí ó bá le, kò ní lè mí dáadáa mọ́. Àìlèmí yìí ló ń pani.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fín in. Ara mi ti mọ́ ọn." Ẹ má ṣe tan ara yín. Ohun tí májèlé yìí bà jẹ́ nínú ara kì í tètè padà bọ̀ sípò. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá fín oògùn lónìí, tí ẹ tún fín in kí ara tó padà bọ̀ sípò, tuntun yóò gun orí ti àná. Ọjọ́ tí ẹ kò rò ni yóò gbé yín ṣubú.

Ẹ KỌ́KỌ́ KA ÌWÉ ARA BÍDỌ̀N

Ẹ ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ jẹ́ kí ó gbà yín là. Lórílẹ̀-èdè Benin àti Togo, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ara bídọ̀n. Ẹ mọ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí:

— DANGER: ewu ńlá wà níbí.
— TOXIQUE: májèlé ni.
— NOCIF: ó lè ṣe ara ní jàǹbá.

Bí ẹ bá rí àwòrán agbárí òkú, ohun tó wà níbẹ̀ lè pani. Ẹ tún wo ọ̀já àwọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Pupa ló burú jù. Àwọ̀ èso ìyeyè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà àwọ̀ aró, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé kò sọ pé kò léwu o. Ewu rẹ̀ ló kéré sí ti àwọn yòókù.

Ẹ wá lẹ́tà mẹ́ta yìí: DAR. Ó ń sọ iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá láti ìgbà tí a fín oògùn kẹ́yìn títí di ọjọ́ ìkórè. Bí wọ́n bá kọ "DAR: 14 jours", ẹ kò gbọdọ̀ kórè kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹni tó bá ń ta tòmátì tàbí gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ́jà gbọ́dọ̀ mọ èyí dájú.

Bí wọ́n bá ta oògùn fún yín nínú ìgò sódà tí kò ní ìwé lára, ẹ má ṣe rà á. Ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò sì ní béèrè.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ FÍN OÒGÙN

1. Ẹ kọ́kọ́ da omi lásán sínú ẹ̀rọ tí ẹ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bí ó bá ń jò, ẹ tún un ṣe. Ẹ̀rọ tó ń jò ń da májèlé sí yín lẹ́yìn láti àárọ̀ di ọ̀sán.
2. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, ṣòkòtò gígùn, bàtà rọ́bà tó bo ẹsẹ̀, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìbọ̀wọ́ aláṣọ kò dára. Yóò mu oògùn, yóò sì fi í pamọ́ sí yín lọ́wọ́.
3. Ẹ fi igi po oògùn, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ ní ohun ìwọ̀n tó jẹ́ ti oògùn nìkan. Ago tàbí agolo ilé ìdáná kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.
4. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn kí oògùn máa lọ níwájú yín. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dára. Bí atẹ́gùn bá le, ẹ dúró di ọjọ́ mìíràn.
5. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á tàbí fẹ́ ẹ. Ẹ fi omi àti koríko là á.
6. Ẹ má ṣe jẹun, ẹ má ṣe mu sìgá lẹ́nu iṣẹ́ náà, àfi bí ẹ bá ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́.
7. Ọmọdé, aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ fín oògùn. Wọn kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí.
8. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé pé ẹ ti fín oògùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ oko náà. Ẹ lè so aṣọ pupa mọ́ igi ní ẹnu ọ̀nà oko.

ẸNU Ọ̀NÀ ILÉ NI ALÁ

Kí ẹ tó gbé ọmọ mọ́ra nígbà tí ẹ bá dé, ẹ wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ fọ aṣọ tí ẹ fi fín oògùn lọ́tọ̀. Ìyàwó ilé tó ń bá yín fọ̀ ọ́ wà nínú ewu náà: kí òun náà wọ ìbọ̀wọ́.

Bídọ̀n tó ti gba májèlé kò lè mọ́ mọ́, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ara rẹ̀ ti mu oògùn. Ẹ fi omi ṣàn án nígbà mẹ́ta, kí ẹ sì da omi náà sínú ẹ̀rọ láti fín in sí oko. Ẹ lu ú kí ó má ṣeé lò mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta oògùn tàbí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bóyá wọ́n ń gbà á padà. Ẹ má ṣe sun ún, nítorí èéfín rẹ̀ náà jẹ́ májèlé.

Ní ti ẹ̀wà, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ sá a kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ wá bídọ̀n tó mọ́, tí oògùn kò wọ̀ rí. Ẹ rọ ẹ̀wà kún un dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò sì kú. Ẹ kò fi májèlé kan oúnjẹ.

Ní ti ẹja, oògùn tó pa á ṣì wà nínú rẹ̀. Sísè kò tó láti mú un kúrò. Àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀ odò yóò sì mu nínú rẹ̀.

BÍ MÁJÈLÉ BÁ MÚ ÈNÌYÀN

— Ẹ gbé e kúrò níbi tí oògùn wà. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin náà wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá dà sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15.
— Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa. Ẹ má ṣe fún un ní wàrà. Wọn kò lè pa májèlé náà. Àwọn oògùn kan wà tí epo ń jẹ́ kí wọ́n tètè wọ ara.
— Ẹ má ṣe fipá mú un bì. Ohun tó bá bì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.
— Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ó lè máa mí.
— Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dúró wò ó bóyá yóò rọ̀.
— Ẹ mú ìwé ara bídọ̀n dání. Abẹ́rẹ́ wà fún irú májèlé kan, bí abẹ́rẹ́ atropine, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ irú májèlé tó mú un.

Ẹ̀yin ará wa, a kò ní kí ẹ má gbin òwú. Owó òwú ni ọ̀pọ̀ wa fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọmọ náà wà láàyè láti lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Níbo ni a ń tọ́jú oògùn òwú sí ní ilé wa? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?
2. Kí ni a ń fi bídọ̀n oògùn tó ṣófo ṣe ní abúlé wa?
3. Báwo ni a ṣe lè máa jẹ́ kí gbogbo ará abúlé mọ̀ nígbà tí a bá fín oògùn sí oko?
4. Ẹ mú ìwé ara bídọ̀n kan wá sí kíláàsì. Ẹ jọ kà á. Àwọ̀ wo ló wà lórí rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni DAR rẹ̀?