Àkàbà Ẹlòmíràn ni A Fi Ń Gun Òfuurufú

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń gba orí afárá Oṣòdì kọjá, kí ó gbé ojú sókè wo òrùlé àwọn ilé láti ibẹ̀ títí dé Ìsọlọ̀ àti Òkè-Àfá. Yóò rí àwọn àwo irin tí wọ́n kọ ojú sí ọ̀run, èyí tí a ń pè ní díìṣì. Ìròhìn, orin, ìwàásù àti eré bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbà láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, èyíinì ni ẹ̀rọ tí a rán lọ sí òfuurufú kí ó máa yí ayé ká. Láti oṣù Kíní 2023 ni ilé-iṣẹ́ Starlink ti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti ń ta íntánẹ́ẹ̀tì láti òfuurufú ní Nàìjíríà, ilẹ̀ wa ni ó sì kọ́kọ́ bá ṣòwò ní gbogbo Áfíríkà. Oṣooṣù ni àwọn ilé ń san owó yìí, apá kan rẹ̀ kò sì sùn sí Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba wa ti ra sátẹ́láìtì tirẹ̀ pé kí ó máa pa owó wọlé. Kí ni ó dé tí èrè náà kò fi tí ì hàn ní ojúde wa?

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1963, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà bá Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba wa nígbà náà, sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Àwọn méjèèjì ni olórí ìjọba àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Kingsport, ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó, ni ó gbé àwo tí ó gba ohùn náà. Sátẹ́láìtì kì í ṣe tiwa, ọkọ̀ kì í ṣe tiwa. Ohùn nìkan ni tiwa. Ní 1971 a ṣí ibùdó ńlá kan ní Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, kí ìpè tẹlifóònù sí òkè òkun lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba wó lulẹ̀, ibùdó náà di ahoro.

Ní 1999 ni ìjọba dá àjọ NASRDA sílẹ̀ fún ìwádìí òfuurufú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, NigeriaSat-1, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya àwòrán ilẹ̀, gòkè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Guildford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní 2005, àwòrán rẹ̀ wà lára èyí tí a fi ran àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ti òwò dé. Ilẹ̀ Ṣáínà kọ́ NigComSat-1, wọ́n sì fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn gbé e lọ ní oṣù Karùn-ún 2007, kí a lè máa ta ààyè lórí rẹ̀ fún tẹlifísọ̀n, tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Kò pé ọdún méjì tí ẹ̀rọ tí ń gba agbára oòrùn fún un fi bàjẹ́, ó sì kú ní oṣù Kọkànlá 2008. Ọpẹ́ ni pé a ti san owó adójútòfò lórí rẹ̀. A rí òmíràn gbà dípò, NigComSat-1R, tí ó gòkè ní oṣù Kejìlá 2011. Ọdún 15 ni a ṣe é láti lò. 2026 ni iye náà pé.

Àní Nigeria EduSat-1, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́ lọ bá wọn kọ́ ní ilẹ̀ Japan, tí kò ju páálí kékeré lọ, rọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà ni ó gbé e lọ ní 2017. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó gòkè láti ilẹ̀ wa. Àwọn àgbà wí pé àgbàbọ̀ ṣòkòtò, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ó yẹ kí a sọ fún yín pé NASRDA ní ibùdó kan ní Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí, níbi tí a ti ń ṣe ìwádìí nípa rọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kéékèèké fún ìdánwò ni wọ́n ń ṣe. Kò tí ì sí èyí tí ó gbé sátẹ́láìtì dé òfuurufú. Ipò tí a wà ní àǹfààní. Ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, yíyí náà sì yá jù lọ ní agbedeméjì ayé. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá gba ìlà-oòrùn lọ láti ibẹ̀ dàbí ọkọ̀ tí ó bá ìṣàn odò lọ, epo tí yóò jó a dín kù. Èyí ni àwọn Faransé ṣe ń yin tiwọn láti Kourou, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Èkó pẹ̀lú kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe òkun. Ìlú àwọn ènìyàn ni, láti ilẹ̀ Oǹdó títí dé Kamẹrúùnù, ohun tí ó bá sì já bọ́, orí òrùlé ẹni ẹlẹ́ni ni yóò bọ́ sí. Ọ̀nà gúúsù ni ó kan òkun, ọ̀nà náà sì yẹ fún àwọn sátẹ́láìtì tí ń ya àwòrán ilẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé kí a pa àlá yìí tì. Àwa kò bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ní Thumba, abúlé àwọn apẹja ní ilẹ̀ Íńdíà, bíṣọ́ọ̀bù àti ìjọ rẹ̀ yọ̀ǹda ilé ìsìn wọn fún àwọn onímọ̀, ó sì di ọ́fíìsì wọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ yìn níbẹ̀ ní 1963, láti Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Ọdún 17 kọjá kí wọ́n tó fi rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn gbé sátẹ́láìtì tiwọn, ní 1980. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kan ṣoṣo gbé sátẹ́láìtì 104 lẹ́ẹ̀kan náà. 101 nínú wọn jẹ́ ti àwọn oníbàárà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ìdí ni a ti ń gun igi.

Ìdí igi tiwa, ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ níhìn-ín ni ó wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, omi ya wọ ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kò pé ogójì ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí NigeriaSat-2 gòkè láti Rọ́ṣíà, pẹ̀lú NigeriaSat-X tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fi ọwọ́ ara wọn kọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ ní Guildford. A ṣe NigeriaSat-2 kí ó lè rí ohun tí kò ju mítà méjì ààbọ̀ lọ lórí ilẹ̀; ilé tí a kọ́ sí ojú ọ̀nà omi kò lè sá pamọ́ fún irú ojú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó bá jókòó sí Abuja, tí kò dé ọwọ́ ẹni tí ń la kánáàlì ní Ìsọlọ̀, kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àgbàrá. Àwọn ìyá wa tí ń tajà ní Oṣòdì mọ̀ pé ẹni tí kò ní oníbàárà, bí ó ra ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá, gbèsè ni yóò fi wọ́n kó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí ìjọba àti àwọn oníṣòwò wa kọ́kọ́ máa ra ohun tí sátẹ́láìtì wa ń tà, kí a sì máa tọ́jú ohun tí a ti rà, kí ó má baà di Lánlátẹ̀ kejì. Nígbà náà ni àkàbà Ẹ̀pẹ́ yóò rí ẹrù gbé.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ yìí kan ilé yín. Láti 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ òfuurufú fún Áfíríkà ti wà ní ọgbà yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀; ní Oṣòdì gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ wà. Ọmọ tí ó fẹ́ràn ìṣirò, yálà ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ má ṣe sọ fún un pé òfuurufú kò kàn án. Nígbà tí àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ ìbò bá sì tún kan ilẹ̀kùn yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí àwòrán kánáàlì Òkè-Àfá wà, àti ẹni tí ń kà á.