Ìwọ̀n Ara, Họ́mọ́ọ̀nù àti Títo Eyín

Eyín ni ẹwà ẹ̀rín. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń yin ẹléjí. Ṣùgbọ́n eyín tí ó gun ara wọn, tàbí tí ó yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu kò fi lè pa dé, kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà nìkan: ó lè dí oúnjẹ jíjẹ àti ọ̀rọ̀ sísọ lọ́wọ́. Òbí tí ó wà ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lè ní láti máa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà lóṣooṣù, fún bí ọdún méjì, kí a lè fi wáyà to eyín náà. Ǹjẹ́ sísanra tàbí rírù ọmọ lè mú iṣẹ́ yìí yá, tàbí kí ó fà á sẹ́yìn?

Eyín kò dúró nínú egungun bí ìṣó ti dúró nínú igi. Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó so ó mọ́ àgbọ̀n. Bí wáyà bá ń ti eyín, egungun iwájú rẹ̀ a máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, tuntun a sì máa hù lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ: họ́mọ́ọ̀nù, ìránṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, wà lára àwọn tí ń darí yíyọ́ àti híhù yìí. Bí èyí tí ń ti inú kókó ọrùn wá, kókó tí í máa wú di gẹ̀gẹ̀, bá pọ̀ jù, egungun a máa yára pààrọ̀ ara rẹ̀. Bí ó bá kéré jù, a máa falẹ̀.

Ọ̀rá ara pẹ̀lú kì í ṣe ẹrù lásán. Òun ni ó ń pèsè họ́mọ́ọ̀nù tí a ń pè ní leptin, tí ó kan ebi àti egungun. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀dọ́ 55 tí a fi wáyà sí lẹ́nu. Eyín àwọn tí ó sanra jù kọ́kọ́ yára rìn ju ti àwọn yòókù lọ. Síbẹ̀, àkókò tí eyín fi tò gún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Nítorí náà, sísanra kò ní kí a má fi wáyà sí ọmọ lẹ́nu. Kò sì yẹ kí òbí febi pa ọmọ nítorí wáyà, nítorí oúnjẹ ni ara fi ń kọ́ egungun. Ìgbà ìbàlágà ni àgbọ̀n ń yára dàgbà, ti obìnrin a sì máa ṣáájú ti ọkùnrin. Olùkọ́ tí ó bá tètè fi eyín ọmọ han òbí rẹ̀ ti ṣe é lóore. Kí òbí náà má fi àtọ̀gbẹ, àìsàn kókó ọrùn tàbí oògùn tí ọmọ ń lò pamọ́ fún dókítà eyín.