Ìtàn Ọba Fíwàjoyè: ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ Rẹ́mọ tó fẹ́ kọ eré sinimá

Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló sì ń mọ̀ ọ́n. Bí ọ̀rọ̀ ìtàn sísọ ṣe rí gan-an nìyẹn. Lóde òní tí àwọn ọ̀dọ́ wa, láti Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, ń fẹ́ kọ eré sinimá, ó yẹ ká rán wọn létí bí ará ìtòsí wa kan ṣe fi ìtàn kan ṣoṣo kó ìjọba láyà sókè.

Olóògbé Hubert Ògúndé là ń wí. Ìlú Òsosà, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1916. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, kó tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó lọ́dún 1944.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú nígbà náà kò ní gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, nígbà tí ilé ẹjọ́ rán Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Ìjà ti wà láàárín òun àti Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tẹ́lẹ̀, tó sì ń ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn. Ilé Yorùbá pín sí méjì. Ta ni yóò sọ ọ́ ní gbangba? Lọ́dún 1964, Ògúndé gbé eré 'Yorùbá Ronú' jáde.

Ẹ wo ọgbọ́n tó dá. Kò dárúkọ Awólọ́wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ Akíntọ́lá. Ìtàn Ọba Fíwàjoyè ló sọ, ọba tó fẹ́ràn àwọn èèyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Igbákejì gorí àlééfà, ó di òǹrorò. Níkẹyìn, ará ìlú dìde, wọ́n tú ọba wọn sílẹ̀.

N'Ìbàdàn, níwájú Akíntọ́lá fúnra rẹ̀, ni wọ́n ti ṣeré náà. Kò dúró kó parí tó fi bínú jáde. Kò pẹ́ sí i ni ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ eré Ògúndé ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn.

Ìyà ńlá ni. Òṣèré tí kò lè ṣeré n'Ìbàdàn, l'Ábẹ́òkúta, ní Ṣágámù àti l'Óṣogbo, níbo ni yóò ti rówó bọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀? Síbẹ̀, Ògúndé tún gbé 'Òtítọ́ Korò' jáde lọ́dún kan náà. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ni Gómìnà Adékúnlé Fájuyì tó ká òfin náà kúrò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n tú Awólọ́wọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ kọ eré ni pé kí ìtàn rẹ̀ lè dá dúró. Ẹni tí kò gbọ́ ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá rí lè wo Fíwàjoyè kó káàánú rẹ̀. Bí ìtàn bá ti dùn, òwe inú rẹ̀ yóò wá ẹni tó ni ín lọ.

Èkejì ni ìmúrasílẹ̀. Lórí ìtàgé ayé ọjọ́un, orin ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ tí wọ́n ń fi dánra wò. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu, òṣèré ló ń dá a sọ. Bó bá ṣì í sọ lónìí, yóò tún un ṣe lọ́la. Ti kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá gbòdì, owó ló ń jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé eré ti délẹ̀ pérépéré kí wọ́n tó tan iná kámẹ́rà.

Ẹ̀kẹta, ohun tí a bá gbìn níbẹ̀rẹ̀ la gbọ́dọ̀ ká nígbẹ̀yìn. Ẹ rántí 'Ṣaworoidẹ', tí Olóògbé Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì darí, lọ́dún 1999. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé ọba Jogbo tí kò bá ṣe ètùtù kò gbọdọ̀ gbọ́ ìlù náà pẹ̀lú adé lórí. Nígbà tí Lágata, sójà tó fipá gbàjọba, dé adé, tí ìlù dún, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè ohun tó pa á. Ìlú Jogbo kò sí lórí máàpù, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ ìlú tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Rẹ́mọ, ọ̀dọ̀ yín niṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí kò gbọ́ àlọ́ lẹ́nu yín, kí ni yóò kọ? Ẹ pè wọ́n jókòó nírọ̀lẹ́, ẹ sọ fún wọn. Kí àwọn náà sì mú bírò.