Ìdí tí Àwọn Oníṣẹ́ Físíọ̀tẹ́rápì fi ń Yan Rẹ́sídẹ́ńsì

1. Ìfáárà
Bí apẹja kan ní Ẹlẹ́kọ, létí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, bá ṣubú tí eegun itan rẹ̀ sì ṣẹ́, títo eegun náà nìkan kọ́ ni yóò dá a padà sí ìdí àwọ̀n. Oníṣẹ́ físíọ̀tẹ́rápì ni yóò kọ́ ọ bí yóò ṣe tún fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, títí yóò fi lè ti ọkọ̀ wọ omi. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni pé, kí ló dé tí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ti gboyè, tó sì ti gba ìwé àṣẹ, tún ń lọ jókòó lábẹ́ ọ̀gá?

2. Ohun tí Oyè Àkọ́kọ́ ń Ṣe
Ibùdó Ìgbòbì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ní 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni fún oyè físíọ̀tẹ́rápì. Ní 1988, òfin dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn oyè, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ló kù. Ìlànà yìí ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun púpọ̀: ìtọ́jú ọmọ ọwọ́, ti alárùn rọpárọsẹ̀, ti ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Kò lè fún un ní ìjìnlẹ̀ nínú ọ̀kankan wọn.

3. Ìdí Yíyàn
Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìgbìmọ̀ àwọn àkànṣe oníṣẹ́ físíọ̀tẹ́rápì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1978, rẹ́sídẹ́ńsì kì í ṣe dandan. Ẹni tó bá ti fi wákàtí 2,000 tọ́jú aláìsàn ní ẹ̀ka kan lè jókòó fún ìdánwò àkànṣe láìgba ọ̀nà yìí. Owó tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń gbà sì sábà máa ń kéré sí ti ẹni tó ti dá dúró. Nítorí náà, owó kọ́ ni olórí ìdí.

Wákàtí ń ka ohun tí ènìyàn ti ṣe. Kì í sọ ibi tó ti ṣì í ṣe. Nínú rẹ́sídẹ́ńsì, ọ̀gá ń dúró tì í, ó ń bi í léèrè ìdí tó fi yan ìtọ́jú kan tó sì fi èkejì sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Oyè ni aṣọ. Àkísà ni rẹ́sídẹ́ńsì ń wá.

4. Ìgúnlẹ̀
Ní Nàìjíríà, òfin rẹ́sídẹ́ńsì ti 2017 dá lórí àwọn dókítà àti dókítà eyín. Oníṣẹ́ físíọ̀tẹ́rápì kò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ẹlẹ́kọ, tó jìnnà sí Ìgbòbì, ló nílò ìjìnlẹ̀ jù, nítorí kò sí ọ̀gá nítòsí tí yóò bi léèrè. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ńlá ni irú ẹ̀kọ́ yìí ti ń wáyé, ibẹ̀ náà ló sì rọrùn fún ẹni tó kọ́ ọ láti dúró sí. Bí a kò bá wá ọ̀nà tí yóò fi padà sí etí òkun, ọ̀gá yóò pọ̀ ní ìlú ńlá, apẹja yóò sì máa tiro.