Àyẹ̀wò Inú Ẹ̀dọ̀fóró: Nígbà Wo Ni Àǹfààní Rẹ̀ Ju Ewu Rẹ̀ Lọ?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí àdúgbò tí a kò ti lè rí àgbàlagbà tí ikọ́ ti ń bá fínra fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, tàbí ẹni tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà láìmí gúlegúle. Bí dókítà bá wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé àwọn fẹ́ ti rọ́bà gba imú rẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹbí. Àwọn kan á ní kí wọ́n má ṣe é, pé yóò pa á. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n tètè ṣe é, kí ara rẹ̀ lè yá. Ó yẹ kí ìhà méjèèjì fara balẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lé orí òṣùwọ̀n.

Kí ni àyẹ̀wò yìí?

Bronchoscopy ni àwọn dókítà ń pè é. Ní 1897, dókítà ará Jámánì kan, Gustav Killian, fi ọ̀pá irin gbọọrọ yọ egungun tó há sí ọ̀nà èémí ọkùnrin kan. Irin tí kì í tẹ̀ ni èyí. Ní 1966 ni Shigeto Ikeda, dókítà ará Japan, gbé irú èyí tó ń tẹ̀ jáde, òun sì ni wọ́n ń lò jù lónìí. Kò nípọn tó pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Iná àti ojú tí a fi ń wòran wà ní orí rẹ̀. Ihò tín-ínrín kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n lè gbà da omi díẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí wọ́n sì fà á padà fún àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n gbà já ẹran ara kékeré. Àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí aláìsàn yóò máa gbà mí.

Aláìsàn kò ní jẹun fún nǹkan bí wákàtí 6 ṣáájú, kí oúnjẹ má baà gbé e lọ́nà òdì. Ẹni tí ààwẹ̀ ti mọ́ lára kò ní ka èyí sí ìnira. Wọn a fún un ní oògùn tí imú àti ọ̀fun rẹ̀ yóò fi kú, kí ó má baà mọ ìrora, àti òmíràn tí yóò jẹ́ kó máa tòògbé. Yóò kọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Ibi tí àǹfààní ti tẹ̀wọ̀n jù

Èkíní ni ẹni tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí fọ́tò àyà rẹ̀ fi kókó kan hàn. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, ó sì lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láìjá ẹran ara níbẹ̀ wò, ó ṣòro láti mọ̀ dájú, ìtọ́jú àìmọ̀dí sì léwu ju rọ́bà lọ.

Èkejì ni ẹni tí wọ́n fura pé ikọ́ ife, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tíbì, ń bá jà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ibùdó ìjọba ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lọ ṣe é. Ìgbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò bá jáde, tàbí tí kò bá fi nǹkan kan hàn tí àìsàn náà kò sì dẹ̀yìn, ni rọ́bà lè wúlò.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin ọmọ wa gan-an. Ọmọ kékeré lè fa ẹ̀pà tàbí ìdérí báírò sínú ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó fi eyín di píìnì híjáàbù mú nígbà tó ń wé e lè gbé e mì sí ọ̀nà èémí bó bá sọ̀rọ̀ lójijì. Àwọn dókítà ní Turkey àti Íjíbítì ti yọ ọ̀pọ̀ irú píìnì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pà ní tirẹ̀ kì í hàn nínú fọ́tò àyà, nítorí náà ọmọ lè máa wúkọ́ fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n máa fún un ní oògùn ásímà. Níhìn-ín, àyẹ̀wò náà ni ìwòsàn: irin gbọọrọ bí irú ti Killian ni wọ́n sábà fi ń yọ ọ́ fún ọmọdé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn mú un sùn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ má fi píìnì sẹ́nu mọ́.

Ibi tí kò ti pọn dandan

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ásímà, àti àìsàn tí sìgá tàbí èéfín igi ìdáná fi ń ba ọ̀nà èémí jẹ́, ẹ̀rọ tí a ń fẹ́ èémí sí ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Oògùn tí a ń fà símú tàbí sẹ́nu, àti jíjìnnà sí èéfín, ni ìtọ́jú wọn. Rọ́bà kì í wò wọ́n sàn.

Lóòótọ́, ní 2018, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń fi rọ́bà gbé sínú ẹ̀dọ̀fóró tó ti fẹ̀ jù, tí yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde láìjẹ́ kó wọlé padà. Ó ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mí dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbé e yẹ̀ wò, ẹ̀dọ̀fóró bí ẹni 1 nínú 4 jò láàárín ọjọ́ 45 àkọ́kọ́. Àwọn díẹ̀ tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó bá wọn mu nìkan ló wà fún.

Ewu rẹ̀

Ọ̀fun dídùn, ohùn híhá, ibà ọjọ́ kan àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọ́pọ̀, wọn a sì lọ fúnra wọn. Ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ lè dínkù, ọ̀nà èémí alásímà sì lè fún pọ̀. Bí wọ́n bá já ẹran ara láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún, ẹ̀jẹ̀ lè ya, tàbí kí ẹ̀dọ̀fóró jò bí bọ́ọ̀lù, èyí tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni 1 sí 5 nínú 100. Ikú kò wọ́pọ̀: nínú ẹni 1,000 tí wọ́n ṣe é fún, kò tó ẹnì kan.

Ẹni tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù, ó dára kí ó dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí ó sọ fún dókítà ṣáájú, kí ó má sì dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ béèrè

Ká tó fọwọ́ síwèé, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ dókítà. Kí ni ẹ ń wá? Ǹjẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, fọ́tò àyà tàbí CT scan kò lè sọ ọ́ fún wa? Bí ẹ bá rí i, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú? Kí sì ni ewu rẹ̀ fún aláìsàn tiwa yìí, àti bí a kò bá ṣe é ńkọ́? Bí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ pé kò sí nǹkan tí yóò yí padà, ó yẹ ká dúró ná. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò sọ irú oògùn tí a ó lò, ká má fi ìbẹ̀rù dí i lọ́wọ́, nítorí àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, kí ó má jẹ, kí ó má mu, títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi là. Kí ẹnì kan sìn ín dé ilé, kí ó má sì wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà fún wákàtí 24. Bí àyà bá ń dùn ún, tí èémí kò délẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ sí i, ẹ gbé e padà sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.